YÍYAN OLÙKỌ́ ÀDÁNI FÚN ỌMỌ: TA NI A Ń GBÉ ÀMÁÁNÀ LÉ LỌ́WỌ́?

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kan ẹ̀yin tí ẹ ti di bàbá àti ìyá ọmọ. Ó kan ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtigbé ìyàwó tàbí àtilọ sílé ọkọ. Ó sì tún kan ẹ̀yin tí ẹ ń fi kíkọ́ ọmọ ọlọ́mọ wá owó ilé-ìwé yín. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ àdáni ni, ìyẹn ẹni tí a ń sanwó fún kí ó máa wá kọ́ ọmọ ní lẹ́sìnnì nínú ilé lẹ́yìn tí ọmọ bá ti ilé-ìwé dé.

Ní ọ̀pọ̀ ilé, wọn kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gba olùkọ́ báyìí. Ọmọ gbé èsì ìdánwò wálé, ó gba ogún nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìṣirò. Bàbá bínú, ìyá kárí sọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò tí ó ní òun gbọ́ ìṣirò. Wọ́n dá iye owó, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó béèrè ohun tí ọmọ náà kò mọ̀ gan-an, kò sì sí ẹni tí ó béèrè irú ènìyàn tí olùkọ́ náà jẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwa kan náà, bí a bá fẹ́ ra mọ́tò àlòkù, a ó mú mẹkáníìkì dání kí ó bá wa yẹ̀ ẹ́ wò.

Àmáánà ni ọmọ jẹ́ lọ́wọ́ òbí. Bí a bá gbé àmáánà yìí lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ fún wákàtí méjì lójúmọ́, ọrùn wa ni ó ṣì wà. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú dání nínú ẹ̀kọ́ yìí kò ju ọ̀kan lọ: olùkọ́ àdáni tí ó dára ni ẹni tí ń ṣiṣẹ́ kí ọmọ lè dá dúró láìsí òun. Bí ọmọ kò bá lè ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá kan ṣoṣo láìsí olùkọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì, ọ̀pá ìtìlẹ̀ ni a rà fún un, a kò tíì ra ìmọ̀.

1. KÍ NI ỌMỌ NÁÀ ṢE ALÁÌNÍ?

Ẹ má tíì wá olùkọ́. Ìdí ọ̀rọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ọmọ kan wà tí ojú rẹ̀ kò ríran dé ara bọ́ọ̀dù. Awò ojú ni yóò wo ti rẹ̀ sàn, kì í ṣe lẹ́sìnnì. Òmíràn ń kiri ọjà títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó sì ń sùn ní kíláàsì. Òmíràn ṣàìsàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní tááàmù tí wọ́n kọ́ wọn ní ìdá. Láti ìgbà náà ni ohun gbogbo tí a gbé ka orí ìdá kò ti yé e mọ́. Ẹni tí ó jókòó sí ìpele kẹfà tí ohun tí wọ́n kọ́ ní ìpele kẹrin kò yé, kì í ṣe olódo. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni ó ní ihò.

Nítorí náà, ẹ gbé àwọn ìwé iṣẹ́ ọmọ náà, kí ẹ lọ bá olùkọ́ kíláàsì rẹ̀. Ẹ bi í pé: “Níbo ni ó ti ń ṣubú? Láti ìgbà wo?” Ẹ bi ọmọ náà pẹ̀lú, ní ohùn jẹ́jẹ́, nígbà tí inú ẹnikẹ́ni kò ru. Ọ̀pọ̀ ọmọ mọ ibi tí ó ti sọnù. Kò rí ẹni tí yóò gbọ́ ọ láìnà án ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Wọ́n ní kí ọmọ ṣe 3/4 + 1/8. Ọmọ kọ 4/12. Kí ni ó ṣe? Ó ro nọ́ńbà òkè pọ̀ mọ́ òkè, ó ro ti ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Olùkọ́ kan yóò fi pẹ́ẹ̀nì pupa fa igi lé e, yóò kọ 7/8 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò ní kí ọmọ dà á kọ nígbà mẹ́wàá. Olùkọ́ kejì yóò bi í léèrè pé: “Bí o bá ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin búrẹ́dì, tí mo sì bù díẹ̀ kún un fún ọ, ṣé tìrẹ yóò pọ̀ sí i ni, àbí yóò dín kù?” Ọmọ yóò ní yóò pọ̀ sí i. “Ó dára. 4/12 tí o kọ yìí, ìdá kan nínú mẹ́ta ni. Ṣé ó pọ̀ tó èyí tí o ní tẹ́lẹ̀?” Yóò wá gé búrẹ́dì náà sí ọ̀nà mẹ́jọ lójú ọmọ, kí ó lè rí i pé ègé mẹ́fà ni ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, àti pé bí a bá fi ègé kan kún mẹ́fà, ó di méje nínú mẹ́jọ.

Àwọn méjèèjì ni ó mọ ìdáhùn. Ẹnì kejì nìkan ni ó kọ́ ọmọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa wá.

2. ÌMỌ̀ OLÙKỌ́ ŃKỌ́?

Nínú ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà, NCE ni ìwé-ẹ̀rí tí ó kéré jù tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ ní. Àjọ TRCN, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, ni ó ń fi orúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ tí ó sì ń fún wọn ní ìwé àṣẹ. Kò burú bí ẹ bá béèrè ìwé wọ̀nyí. Olùkọ́ tòótọ́ kò ní bínú sí i. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìwé-ẹ̀rí ń sọ pé ènìyàn kọ́ṣẹ́ ni, kò sọ pé ó ní sùúrù. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan lè wà tí kò tíì gba ìwé kankan, síbẹ̀ tí ó lè la físíìsì yé ọmọ ju ẹlòmíràn lọ.

Ìbéèrè tí ó wúlò jù ni èyí: “Ọmọ ta ni ẹ ti kọ́ rí?” Ẹ gba orúkọ òbí méjì, kí ẹ sì dìde lọ sílé wọn. Ẹ bi wọ́n bóyá ó máa ń dé lásìkò, bóyá ọmọ tẹ̀ síwájú, àti pé kí ni ó fà á tí wọ́n fi pínyà. Bí ìdánwò JAMB ni ẹ torí rẹ̀ wá a, ẹ bi í bóyá òun yóò jẹ́ kí ọmọ máa fi kọ̀ǹpútà dánra wò, nítorí láti ọdún 2015 orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọmọ tí kò di máòsì mú rí lè fi ìdajì àsìkò rẹ̀ wá ibi tí yóò tẹ̀.

Àwọn kan máa ń gba olùkọ́ kíláàsì ọmọ náà fún lẹ́sìnnì. Ó ní àǹfààní, nítorí ó mọ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, kí ó má lọ jẹ́ pé ohun tí ó yẹ kí ó kọ́ gbogbo ọmọ ní òwúrọ̀ ni yóò máa pa mọ́ kí ó lè tà á ní ìrọ̀lẹ́.

Ǹjẹ́ dandan ni kí olùkọ́ ìṣirò tàbí ti èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ Mùsùlùmí? Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn. Lẹ́yìn ogun Badr ní ọdún kejì Hijira, ìyẹn 624, àwọn onítàn sọ pé àwọn kan wà nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n Kuraeṣi tí kò ní owó ìràpadà ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ̀ ọ́n kọ mọ̀ ọ́n kà. A ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọ́ ọmọ mẹ́wàá ní Mẹdina ní ìwé kíkọ, kí ó sì gba òmìnira rẹ̀. Abọ̀rìṣà ni wọ́n, ọ̀tá ni wọ́n sì jẹ́ nígbà náà, síbẹ̀ a gba ìmọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé abẹ́ àbójútó àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n ti kọ́ni. Ìmọ̀ tí ó dájú àti ojú tí ń ṣọ́ ọ, àwọn méjèèjì ni a ní láti pa pọ̀.

Ohun kan náà ni a sì ń sọ nípa àáfáà tí ó ń wá sílé wá kọ́ ọmọ ní kéwú. Láwàní kò yọ ẹnikẹ́ni kúrò nínú ìbéèrè. Ìbéèrè tí a bi olùkọ́ ìṣirò ni kí a bi òun náà.

3. Ọ̀SẸ̀ MÉJÌ ÀKỌ́KỌ́

Ẹ má ṣe bá olùkọ́ ṣe àdéhùn ọdún kan lójú ẹsẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ọ̀sẹ̀ méjì ni a ó kọ́kọ́ fi wo ara wa. Ẹ jókòó sí ìtòsí, kí ẹ máa fetí sílẹ̀, kí ẹ sì wo nǹkan mẹ́rin yìí:

(a) Ta ni ó ń sọ̀rọ̀ jù? Bí olùkọ́ nìkan bá ń sọ̀rọ̀, ọmọ ń gbọ́ ni, kò tíì máa kọ́.

(b) Ta ni ó ń di pẹ́ẹ̀nì mú? Olùkọ́ tí ó bá ń bá ọmọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, kí ọmọ lè gba máàkì, òbí ni ó ń tàn.

(d) Kí ni ó ń ṣe bí ọmọ bá ṣì í? Ṣé ó ń wá ìdí àṣìṣe náà, àbí ó kàn ń pariwo?

(e) Èdè wo ni ó fi ń ṣàlàyé? Òbí mìíràn yóò kìlọ̀ fún olùkọ́ pé kò gbọ́dọ̀ sọ Yorùbá sí ọmọ òun. Àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún gbogbo ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn. Wọ́n ṣe dáadáa nínú àwọn iṣẹ́ yòókù àti nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá fi Yorùbá la ìdá yé ọmọ tán kí ó tó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, ọpẹ́ ni kí ẹ dú.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ ní kí ọmọ kọ́ ẹ̀yin fúnra yín ní ohun kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ mọ̀wé, ẹ ó mọ̀ bóyá ohun tí ó ń sọ yé òun gan-an.

4. PÀṢÁN ÀTI OHÙN LÍLE

Àwọn òbí kan máa ń sọ fún olùkọ́ pé: “Ẹ nà án o, egungun rẹ̀ nìkan ni kí ẹ kó fún mi.” Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí àgbà onímọ̀ Mùsùlùmí kan sọ. Ibn Khaldun, tí a bí ní Tunis ní 1332 tí ó sì kú ní Cairo ní 1406, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ Muqaddimah pé líle koko mọ́ ọmọ tí ń kẹ́kọ̀ọ́ máa ń bà á jẹ́. Àlàyé rẹ̀ ni pé ìnilára máa ń pa ìtara ọmọ, ó ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ, ó sì ń kọ́ ọ ní irọ́ àti àrékérekè, torí pé ọmọ yóò máa fi ohun tí kò sí nínú rẹ̀ hàn kí ó má bàa jẹ ìyà. Nígbà tí ó bá pẹ́, ìwà yìí yóò di bárakú sí i lára.

Nínú ìwé kan náà ni ó ti ròyìn ohun tí Hárúnà Rashid, ọba Baghdad, sọ fún olùkọ́ tí ó gbà fún ọmọ rẹ̀ Al-Amin. Kókó rẹ̀ ni pé kí olùkọ́ má jẹ́ kí wákàtí kan kọjá láìsí ohun tí ọmọ rí kọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má bà á nínú jẹ́ dé ibi tí ọpọlọ rẹ̀ yóò fi kú. Kí ó má gbà á láàyè jù, kí ìmẹ́lẹ́ má bàa dùn mọ́ ọn. Pẹ̀lẹ́tù ni kí ó kọ́kọ́ fi tọ́ ọ; bí ìyẹn bá kọ̀, nígbà náà ni kí ó le. Ẹ wò ó: ọba tí ó lè gba olùkọ́ yòówù tí ó bá wù ú, ó jókòó, ó sọ bí ó ṣe fẹ́ kí a lo ọmọ òun. Àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ lójú olùkọ́ àti lójú ọmọ, kí ó yé tọ̀tún-tòsì.

Ibn Khaldun tún ní kí a máa kọ́ ọmọ ní díẹ̀díẹ̀, kí a sì máa padà sórí iṣẹ́ kan náà títí dé ìgbà mẹ́ta, tí àlàyé yóò máa jinlẹ̀ sí i. Olùkọ́ tí ó bá ń sáré parí ìwé kí òbí lè yìn ín kò tẹ̀lé ọ̀nà yìí.

5. ÀÀBÒ ỌMỌ

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti wúwo jù. Ẹni tí ó ń ba ọmọdé jẹ́ kì í sábàá jẹ́ àlejò tí a kò mọ̀. Ẹni tí ilé ti gbọ́kàn lé ni ó sábà máa ń jẹ́. Nítorí náà, ẹ má fi ojú rere olùkọ́ ṣe ààbò. Ìlànà ni kí ẹ fi ṣe é:

(a) Gbangba ni kí lẹ́sìnnì ti máa wáyé: pálọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibi tí ènìyàn ń kọjá. Kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Kì í ṣe yàrá, kì í sì í ṣe ilé olùkọ́.

(b) Kí àgbàlagbà kan wà nílé. Bí kò bá sí, kí lẹ́sìnnì ọjọ́ náà di ọjọ́ mìíràn. Ẹ̀sìn wa ti kọ̀ fún ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n lè fẹ́ ara wọn láti dá wà ní ìkọ̀kọ̀. Ọmọbìnrin tí ó ti bàlágà wà nínú òfin yìí. Bí ẹ bá rí olùkọ́ obìnrin fún un, ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ọmọbìnrin nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn. Ẹ ṣọ́ ọmọkùnrin bákan náà.

(d) Kí olùkọ́ máa bá òbí sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kì í ṣe ọmọ. Àtẹ̀ránṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ sí ọmọ ní alẹ́, tàbí ẹ̀bùn tí ó ní kí ọmọ má sọ fún ẹnikẹ́ni, àmì ewu ni.

(e) Ẹ kọ́ ọmọ pé kò sí àṣírí kankan láàárín òun àti olùkọ́ tí ìyá tàbí bàbá kò gbọ́dọ̀ gbọ́.

Bí ọmọ tí inú rẹ̀ máa ń dùn sí lẹ́sìnnì bá ṣàdédé ń sunkún kí olùkọ́ tó dé, ẹ má nà án. Ẹ jókòó tì í. Bí ó bá sọ ohun tí ó burú, ẹ gbà á gbọ́, ẹ dá lẹ́sìnnì dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ tó ọlọ́pàá létí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi “ẹ jẹ́ kí a bo àṣírí ilé” pa á mọ́lẹ̀. Ọ̀daràn ni irú ìbòmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń bò, kò bo ọmọ. Ilé mìíràn ni yóò sì tún kọjá sí.

6. OWÓ ÀTI ÀDÉHÙN

Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, bí kò tilẹ̀ ju ojú ìwé kan lọ: ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀, wákàtí mélòó, èló, ọjọ́ wo ni a ó máa san án. Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ lè dá ṣe ní òpin tááàmù. Bí ó bá ti lè ṣe é, kí ẹ dín ọjọ́ lẹ́sìnnì kù. Olùkọ́ tí inú rẹ̀ dùn sí èyí ni olùkọ́.

Ẹ sì tètè máa san owó rẹ̀. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé kí a má fi owó òṣìṣẹ́ falẹ̀. Òbí tí ó jẹ olùkọ́ ní owó oṣù mẹ́ta kò lẹ́nu láti béèrè ìdí tí ó fi ń pẹ́ dé.

Bí olùkọ́ bá ní òun mọ ibi tí wọ́n ti ń gba ìdáhùn WAEC tàbí JAMB, tàbí pé òun mọ ilé-ìwé tí ọmọ kò ti lè fèèlì, ẹ dá a dúró lọ́jọ́ náà. Màgòmágó ìdánwò lòdì sí òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ó sì lòdì sí ẹ̀sìn. Ohun tí ó sì burú jù ni pé òbí ti fi owó ara rẹ̀ ra olè jíjà fún ọmọ.

7. Ẹ̀YIN TÍ Ẹ Ń KỌ́ ỌMỌ ỌLỌ́MỌ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ má rò pé àwọn òbí ni a ń gbé lẹ́yìn. Ohun tí a ní kí wọ́n béèrè, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e wá. Ẹ fúnra yín sọ pé pálọ̀ ni ẹ fẹ́ jókòó sí, kí orúkọ yín lè mọ́. Bí iṣẹ́ kan bá kọjá agbára yín, ẹ sọ ọ́. Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn sọ pé kẹ́mísìrì kì í ṣe tòun. Ẹ dé lásìkò, ẹ fi fóònù sínú àpò.

8. BÍ OWÓ KÒ BÁ SÍ

Kì í ṣe gbogbo ilé ni ó lè gba olùkọ́. Òbí mẹ́rin lè dáwó jọ, kí olùkọ́ kan máa kọ́ ọmọ mẹ́rin pọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan. Èyí dín owó kù, ó sì tún fi ààbò kún un. Ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa lè ṣètò ọjọ́ Sátidé ní àgbàlá mọ́ṣáláṣí, kí àwọn tí ó wà ní yunifásítì àti ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni máa fún àwọn àbúrò wọn ní wákàtí méjì lọ́fẹ̀ẹ́. Òbí tí kò mọ̀wé pàápàá lè pa tẹlifíṣọ̀n fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lálẹ́, kí ó ní: “Ọmọ mi, wá sọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ lónìí fún mi.” Kò sí olùkọ́ tí a lè fi owó gbà tí ó lè rọ́pò èyí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ Ẹ̀KA

1. Kí ni ó yẹ kí òbí wádìí kí ó tó wá olùkọ́ àdáni?
2. Ẹ wá àṣìṣe kan nínú ìwé iṣẹ́ ọmọ kan ní àdúgbò yín. Kí ni ọmọ náà rò tí ó fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?
3. Ẹ̀kọ́ wo ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n Badr kọ́ wa nípa gbígba ìmọ̀?
4. Kí ni ẹ ó ṣe bí ọmọ bá sọ pé olùkọ́ fọwọ́ kan òun ní ọ̀nà tí kò tọ́?
5. Ọmọ mélòó ni ẹ̀ka yín lè kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ Sátidé, ta ni yóò sì kọ́ wọn?

Kí Ọlọ́hun Ọba fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tí ó ní àǹfààní, kí Ó dáàbò bò wọ́n níbi tí ojú wa kò tó, kí Ó sì jẹ́ kí àwa tí a gbé wọn lé lọ́wọ́ lè jíhìn rere. Àmín.